Àṣìkọ Ọmọ àti Ẹ̀rín Àgbà ní Kùmásí

Bí ènìyàn bá wọ ìlú Kùmásí, olú-ìlú àwọn Aṣáńtì ní ilẹ̀ Gánà, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó rí i pé àwọn ará ibẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀yẹ fún òkú. Ara ògiri, ara òpó iná, ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn àti etí ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ó kún fún ìwé ìkéde òkú, tí a tẹ àwòrán olóògbé sí, tí a sì to orúkọ àwọn ọmọ àti ìbátan sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó mú wa gbé gègé lónìí. Kì í ṣe ti Aṣáńtì. Ti Yorùbá ni. Ọmọ Yorùbá kan tí a bí ní Kùmásí, tí ó sì kàwé ní Kùmásí, ni ó kọ ọ́ nígbà tí baba rẹ̀ kú. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, nítorí ó ní baba òun kò ní fẹ́ kí a fi èdè mìíràn kéde ikú òun.

Ìlà mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé náà. Ìlà kẹta ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Bí ó ti kọ ọ́ nìyí: “Baba fi ogun rere silɛ fun awɔn ɔmɔ rɛ.” Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, lẹ́tà tí a sì fi ń kọ Twi, èdè Aṣáńtì, ni ó fi rọ́pò ẹ àti ọ tiwa.

A jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà Yorùbá lábẹ́ àtíbàbà ní ọjọ́ ìsìnkú náà nígbà tí ìwé yìí kàn wá lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbé awò sójú, ó wo ìwé náà títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni ó da akàn sínú ọ̀rọ̀ yìí?” Ẹlòmíràn dáhùn pé Yorùbá Aṣáńtì ni. Ẹ̀rín náà ràn káàkiri bí iná inú ọyẹ́. Orí ẹ̀rín yìí ni a wà tí ọmọ olóògbé fi dé láti kí wa. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ sí ọwọ́ òsì, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ náà. Ó sì ń tẹrí ba fún olúkúlùkù. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ bàbá tí ó gbé awò sójú, ó ní, “Bàbá, o ṣeun, o kú ìjókòó.” Háà! Ẹ̀rín di ìbínú. Bàbá ní, “Èmi ni o ń pè ní ‘o’? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?” Ọmọ náà dákẹ́, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí ó tó àkókò láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, Twi ni ó fi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà já gaara, ó dùn, ó ní òwe nínú, àwọn Aṣáńtì sì ń mi orí. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú gbọ́ ọ, nítorí kò sí ẹni tí ó pẹ́ ní Kùmásí tí kì í gbọ́ Twi. Lẹ́yìn èyí ni a lọ bá a níbi tí ó dúró sí. Ohun tí ó sọ fún wa kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ó ní, “N kò tún ní kọ Yorùbá mọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi san owó rẹ̀ fún mi.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwa náà wà nínú àwọn tí àṣìkọ máa ń bí nínú. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ ní ìkọkúkọ sí ara ọkọ̀ tàbí sí iwájú ilé ìtajà, ara wa kì í gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní Kùmásí ti mú wa bi ara wa léèrè pé, àṣìṣe wo ni ó yẹ kí ó bí wa nínú, ti ta sì ni? Nítorí pé gbogbo àṣìṣe kò rí bákan náà. Òmíràn wà tí kì í tilẹ̀ ṣe àṣìṣe. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ń fẹ́ sùúrù. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó mọ̀ tí kò bìkítà, èyí ni ó tọ́ sí ìbínú. Ní ọjọ́ náà ní Kùmásí, àwọn àgbà wa bínú sí méjì àkọ́kọ́, wọn kò sì rí ìkẹta rárá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn lẹ́tà tí wọ́n pè ní akàn ná. Ọlọ́run kò fi lẹ́tà kankan mọ́ èdè wa nígbà tí ó dá a. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀nà tí a ó gbà máa kọ Yorùbá kò tíì fìdí múlẹ̀. Àwọn ènìyàn bíi Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ti ń ṣe akitiyan lórí rẹ̀ ṣáájú. Ní 1875, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Ìlànà yìí ni a sì fi kọ Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884. Títí di ìgbà àwọn baba wa, “aiye” ni a ń kọ, “enia” ni a ń kọ, “ọkọnrin”, “ẹiyẹ” àti “nwọn” ni a ń kọ, ọmọ ilé ìwé tí ó bá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba máàkì. Ní 1974 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tuntun, tí “aiye” di ayé, tí “enia” di ènìyàn, tí “nwọn” sì di wọ́n. Ohun tí ó tọ́ tẹ́lẹ̀ di àṣìkọ. Ǹjẹ́ ayé yí padà nígbà tí a yọ i kúrò nínú rẹ̀?

Kò tán síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn ará Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti ń sọ Yorùbá tiwọn, ìlànà ìjọba ibẹ̀ ni pé kí a fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ, kí a fi kp kọ ohun tí àwa ń fi p kọ, kí a sì fi sh kọ ohun tí àwa ń fi ṣ kọ. “Ɔmɔ” ni ọmọ lọ́dọ̀ wọn. Bí ọmọ Kùmásí yìí bá ti gbé ìwé ìkéde rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé akàn wọ inú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí àwọn àgbà wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni lẹ́tà tí àwọn ọmọ ìyá wọn fi ń kọ èdè kan náà. Ìlú tí a jókòó sí pàápàá jẹ́rìí sí ohun tí a ń sọ. Ní àkókò ogun 1874, “Coomassie” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ orúkọ rẹ̀. Lónìí, Kumasi ni ó wà lórí àwòrán ilẹ̀. Àwọn Aṣáńtì fúnra wọn ń kọ Kumase. Ìlú kan ṣoṣo ni, kò sì kúrò ní ibi tí ó wà.

A kò sọ pé kí olúkúlùkù máa kọ ohun tí ó bá wù ú. Àdéhùn ni àkọtọ́, àdéhùn sì ní agbára láàrin àwọn tí ó ṣe é. Bí a bá ń kọ̀wé sí àwọn Yorùbá tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin wá, ó yẹ kí a lo lẹ́tà tí ojú wọn mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí àgbà sọ nìyẹn: “Ọmọ mi, báyìí ni a ń kọ ọ́ nílé.” Gbólóhùn kan ni. Kò gba ẹ̀rín.

Ọ̀rọ̀ “o” tí ó di ìbínú ńkọ́? Àwa Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ “ẹ” ṣeré. Ẹni tí ó bá sọ “o” sí àgbà ti rí i fín, ọ̀ràn ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n èdè Twi kò ní ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. “Wo” ni wọ́n ń sọ sí ọmọdé, “wo” náà ni wọ́n ń sọ sí arúgbó. Kì í ṣe pé Aṣáńtì kò mọ ọ̀wọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀wọ̀ ń gbà lọ́dọ̀ wọn. Ó wà nínú “mepa wo kyɛw”, ìyẹn gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ tí ọmọlúwàbí kì í fi sílẹ̀ lẹ́nu. Ó wà nínú oyè tí a ń pe ènìyàn. Ó wà nínú ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń kí ènìyàn àti ọ̀nà tí a gbà ń kí i. Ọmọ yìí ti ọwọ́ ọ̀tún wá, ó tẹrí ba fún olúkúlùkù, ó pe bàbá ní bàbá. Gbogbo ọ̀wọ̀ tí ó ní ni ó kó sílẹ̀. Gírámà ni ó kù ú kù, kì í ṣe ìwà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin àṣìsọ àti àfojúdi, òun gan-an ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí a rántí ohun kan. Àwọn àgbà tí a ń wí yìí ti fi Twi tajà ní Kùmásí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Twi ẹlòmíràn nínú wọn rọ̀ mọ́ ohùn Ọ̀fà, ti ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ ti Èjìgbò. Bí àwọn Aṣáńtì bá ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́ títí wọn yóò fi pa ẹnu dé, ta ni ìbá ra ọjà lọ́wọ́ wọn?

Wàyí o, àṣìṣe tòótọ́ tí ó wà nínú ìwé náà ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, a bi àwọn àgbà pé kí ni baba yìí fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n wò wá bí ẹni pé a ń sín gbẹ́rẹ́ sí wọn lára. Ọ̀kan ní, “Ogún ni, àbí kí ni?” A ní, bóyá ogun ni, èyí tí a fi ìbọn jà. Bóyá Ògún ni, òrìṣà alágbẹ̀dẹ. Bóyá oògùn ni, tí a gún nínú odó. Bóyá òógùn ojú rẹ̀ ni. Ọwọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ gbogbo wọn bí a kò bá fi àmì sí i. Ìgbà náà ni wọ́n tó tún ìwé náà wò. Òwe wa ni ó ṣẹ: “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́”; ó ní ẹ̀ ń wo òkè, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Lẹ́tà Twi ni wọ́n ń wò. Ohùn tí ó sọnù kúrò lórí ọ̀rọ̀, tí ó sọ ogún di ogun, wọn kò rí i.

Ọmọ náà ní àwíjàre tirẹ̀. Èdè olóhùn ni Twi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í fi àmì ohùn kọ ọ́ ní ilé ìwé. “Papa” wà tí ó jẹ́ baba, òmíràn wà tí ó jẹ́ ohun rere, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ abẹ̀bẹ̀. Òǹkàwé ni yóò fi ọgbọ́n mọ èyí tí a ń wí. Ohùn méjì ni Twi ní. Mẹ́ta ni tiwa, ọ̀rọ̀ kéékèèké wa sì pọ̀ tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹrù tí ìwé Twi lè gbé láìsí àmì, ìwé Yorùbá kò lè gbé e. A kò kọ́ ọmọ yìí ní èyí. Ta ni ìbá kọ́ ọ?

Ṣùgbọ́n kí ni àwíjàre àwọn tí ó mọ̀? A ní káàdì ìpè kan nínú àpò wa ní ọjọ́ náà, tí ẹgbẹ́ kan láàrin àwọn àgbà náà tẹ̀ láti fi pe ènìyàn sí ayẹyẹ ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó wà ní iwájú rẹ̀ ni “Ayeye Ojo Ibi Egbe Wa”. Kò sí àmì lókè, kò sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọjọ́ ibi ni ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè kà. Ẹni tí ó kọ ọ́ lọ sí ilé ìwé Yorùbá nílé kí ó tó wá sí Gánà. Kò sí ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun ni akọ̀wé.

Irú àwọn wọ̀nyí ni ìbínú wa dojú kọ, a kò sì ní yọ ara wa sílẹ̀. Àwa oníwèé ìròhìn, àwọn oníròhìn orí rédíò, àwọn tí ń tẹ ìwé fún ìjọ, àwọn olóṣèlú tí ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, àwa ni a ń gba owó lórí ọ̀rọ̀. Àwa ni a ń kọ “ó sọ wípé”, bẹ́ẹ̀ ni “wí” àti “sọ” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, tí “ó sọ pé” sì ti tó. Àwa ni a ń kọ “ó lọ sí ọjà àti ó ra iṣu”, bí ẹni pé a kò gbọ́ rí pé “ó lọ sí ọjà, ó sì ra iṣu” ni Yorùbá ń wí. “Àti” a máa so orúkọ pọ̀ mọ́ orúkọ. Kì í so ìṣe pọ̀ mọ́ ìṣe. Àwa ni a ń fi “ni” sí ibi tí ó yẹ kí “ní” wà, tí a ń fi “sí” sí ibi tí ó yẹ kí “sì” wà, tí a ó sì ní kí òǹkàwé má ṣe bínú. Nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun, bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ṣáko nínú Gẹ̀ẹ́sì wa, tádàwà pupa ni olùkọ́ máa ń fi yí i ká, ojú a sì tì wá. Kí ni ó dé tí ojú kì í tì wá fún Yorùbá? Ní ayé àtijọ́, a máa ń sọ pé àwọn ilé ìtẹ̀wé kò ní àmì ohùn nínú àpótí lẹ́tà wọn. Àwíjàre náà ti kú. Kọ̀ǹpútà ní i, tẹlifóònù tí ó wà nínú àpò ọmọdé ní i.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó wo ìtàn àwọn Yorùbá ní Kùmásí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ìnísà àti Ṣakí ni wọ́n ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tajà ní ọjà ńlá Kùmásí. Wọ́n kọ́ ilé. Wọ́n dá mọ́sáláàṣì àti ìjọ sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó dá ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún di ẹrù. Àga ṣófo nínú ìjọ, ìsọ̀ ṣófo nínú ọjà. Àwọn tí ó lọ kó èdè lọ pẹ̀lú wọn: àwọn ìyá àgbà tí ń pa àlọ́, àwọn olùkọ́, àwọn tí ń ka Bíbélì Yorùbá sókè. Àwọn ọmọ tí a bí fún àwọn tí ó kù dàgbà sínú Twi, kò sì yani lẹ́nu. Ọmọ tí ó bá tún mọ Yorùbá níbẹ̀ lónìí, ẹnu baba tàbí ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ti kọ́ ọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá gbé ìwé sílẹ̀, tí ó sì fi èdè náà kọ nǹkan, kò sí àṣìkọ tí ó lè wà nínú rẹ̀ tí ó tó ohun tí a ó pàdánù bí ó bá dá gègé dúró.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò gùn. Kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ Yorùbá ní Kùmásí, àti ní ibikíbi tí ọmọ wa bá wà lẹ́yìn odi, máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú ìwé wọn wá kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí a lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a máa tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe ní kọ̀rọ̀, kí a sì máa yìn ín ní gbangba. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Kí àwọn àgbà pẹ̀lú jókòó kọ́ àmì ohùn, nítorí ẹni tí kò ní kò lè fún ni. Ní ti àwa oníwèé ìròhìn, kí òǹkàwé tí ó bá rí àṣìkọ wa kọ̀wé sí wa. Àwa kì yóò bínú; a ti kàwé, a sì ń gbowó iṣẹ́ wa.

Kí a tó kúrò ní Kùmásí, a kọ ìlà kẹta náà sí ẹ̀yìn ìwé ìkéde fún ọmọ olóògbé: “Baba fi ogún rere sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.” Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí àmì tí ó wà lórí ogún, ó ní, “Ṣé èyí kékeré yìí nìkan ni?” A ní òun ni, àti díẹ̀ sí i. Ó ká ìwé náà, ó sì fi í sínú àpò. Kò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe fún wa.

Ní Kùmásí, wọ́n máa ń ṣe ìrántí òkú nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ìwé mìíràn yóò tún wà lára ògiri fún baba náà nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ẹ̀yin àgbà wa ní Kùmásí, ọdún kan ni ẹ ní. Èdè tí ọmọ yẹn yóò fi kọ ọ́ wà lọ́wọ́ yín.